Ìmọ̀ Ṣáájú Ìbí

Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Àwọn baba wa sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé nítorí pé wọn kò mọ ibi tí ikú ti ń wá. Lónìí, a mọ̀ pé fòníkú-fọ̀la-dìde wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

Ní ọdún 1978, Yuet Wai Kan àti Andrée Dozy fi hàn ní Amẹ́ríkà pé a lè rí àrùn náà nípasẹ̀ omi tí ó yí ọlẹ̀ ká. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 15, oníṣègùn lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi yìí. Lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́, oyún tí ó ń tìdí rẹ̀ bàjẹ́ kò tó ẹyọ kan nínú 200. Nítorí náà, ohun tí ó wúwo ni ìpinnu tí ó tẹ̀ lé abẹ́rẹ́, pàápàá nígbà tí òfin ilẹ̀ wa kò gba ìṣẹ́yún àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là.

Àwọn kan yóò ní ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni à á ké e. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe igi. Àwọn tí ó ní àrùn yìí wà láàárín wa. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń bímọ. Ta ni yóò wo ojú wọn kí ó ní kò yẹ kí wọ́n wá sáyé? Síbẹ̀, ẹni tí kò tíì ṣọ́ ọmọ tí egungun ń ro mọ́jú rí kò gbọdọ̀ yára dá ìyá lẹ́jọ́.

Ní èrò tèmi, ẹ̀tọ́ àwọn òbí ni láti mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lè múra ìtọ́jú sílẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú wọn. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbéyàwó ni ìbéèrè yìí fúyẹ́ jù lọ. Ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òbí a máa wádìí ìdílé kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ: wọn a bèèrè ẹ̀tẹ̀, wọn a bèèrè wárápá. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa bèèrè ẹ̀jẹ̀, kí olùkọ́ sì fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára.