Irin Ìṣáná Tí Ìpáàrà Jẹ

Ǹjẹ́ èrò rere nìkan ha tó láti dá olùtọ́jú láre?

Mo ní ọ̀pá irin kékeré kan tí a máa ń fi ọ̀bẹ ha kí iná lè ta. Ní ìgbà ọyẹ́, mo fi í sínú àpò awọ, mo sì tì í mọ́ àpótí ní ilé wa ní Ìgbò-Ọrà. Nígbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mo ṣí i: ó ti ń fọ́ sí ìyẹ̀fun funfun bí eérú. Mo bá ọmọ tí ń gbé ọ̀dọ̀ wa wí gidigidi pé òun ni ó da omi sí i. Ó sọkún.

Ọmọ náà jàre. Irin yìí kò rí bí ti àdá. Carl Auer von Welsbach, ará Ọ́stríà, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1903. Ó pa irin pọ̀ mọ́ cerium, tí ń tètè gbiná bí a bá ha á. Ohun tí ó mú un yá láti tanná náà ni ó mú kí ọ̀rinrin tètè bà á jẹ́. Èmi ti ha ọ̀dà dúdú tí ó bò ó kúrò, awọ sì fa ọ̀rinrin òjò mọ́ra. Ìbá ṣe pé mo fi òróró pa á, tí mo sì gbé e sí ibi gbígbẹ, kì bá tí bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí yóò tọ́jú ohun kan, kí ó kọ́ mọ ìwà ohun náà. Ẹni tí yóò sì dáni lẹ́bi, kí ó kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo bẹ ọmọ náà, ó sì dárí jì mí.