Kí A Tó Dá Pọ́ǹpù Lẹ́bi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé adájọ́ àti ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Èrò tèmi yàtọ̀. Ní Olódì-Àpápá tí mò ń gbé, mo rí i pé ẹni tí ó di sípánà mú náà ń dá ẹjọ́ lójoojúmọ́, ẹ̀bi tí ó bá sì dá lè gba oúnjẹ lẹ́nu ìdílé kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni pé: kí ni gbèsè tí ẹni tí ó mọ̀ jẹ ẹni tí kò mọ̀? Pọ́ǹpù tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní dísẹ́ẹ̀lì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé tírélà kì í wọ́n lójú ọ̀nà wa. Èbúté Àpápá kò jìnnà sí wa, ti Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977 náà wà nítòsí. Dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn tírélà tí ń kó ẹrù níbẹ̀ ń lò, ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ pọ́ǹpù fi wà láàárín wa. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo sì máa ń wà nígbà ọlidé. Àwọn àgbẹ̀ náà máa ń gbé pọ́ǹpù katakata àtijọ́ wá bá a, irú bíi ti Massey Ferguson 165, tí wọ́n ṣe láàárín 1964 sí 1975, tí àwọn kan nínú wọn ṣì ń túlẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Atẹ́gùn ni ó máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an; nígbà náà ni pọ́ǹpù yóò ti epo gba ẹnu nọ́súlù wọlé, tí epo náà yóò sì gbiná. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́ńjìnnì náà, ṣe èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá tí ń fẹ́ atẹ́gùn ni ó fi ń gbé epo wọlé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Robert Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù kéékèèké lọ́pọ̀ ní 1927, ọ̀nà là gan-an fún ọkọ̀ ẹrù àti katakata. Pọ́ǹpù CAV tí ó wà lára Massey Ferguson yẹn kò tóbi, ṣùgbọ́n àlàfo àárín àwọn irin inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Omi tàbí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tó láti bà á jẹ́. Nítorí náà ni rírà rẹ̀ fi wọ́n, tí títún un ṣe náà sì wọ́n.

Bí katakata bá wá dákẹ́, pọ́ǹpù ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ojú kò rí inú rẹ̀, kò sì lè fọhùn gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí epo tó dé inú pọ́ǹpù, ó ti gba táńkì, páìpù, pọ́ǹpù kékeré tí ń fa epo, àti asẹ́ kọjá. Táńkì lè dọ̀tí. Ihò kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọ táńkì lè dí. Asẹ́ lè kún fún omi. Páìpù lè jò kí ó sì fa éà, bí éà bá sì ti wọlé, pọ́ǹpù kò ní lè ti epo. Wáyà tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì lè há. Ènìyàn lè yẹ gbogbo èyí wò láìná owó gọbọi. Láti yọ éà, yóò tú ìdè orí asẹ́ díẹ̀, yóò sì máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré náà títí epo tí ń jáde kò fi ní hó mọ́.

Nígbà ọlidé Àjíǹde tó kọjá, bàbá àgbẹ̀ kan gbé pọ́ǹpù rẹ̀ wá láti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Mẹkáníìkì kan ti sọ fún un pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ó lọ ra tòkunbọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí yóò bá túlẹ̀ ti san owó sílẹ̀, bàbá sì ti ń wá ẹni tí yóò ta lára ilẹ̀ rẹ̀ fún.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. "Kí katakata yín tó dákẹ́ pátápátá, báwo ló ṣe ń ṣe?"

"Á ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú. Tí mo bá dúró díẹ̀, á tún gbé, á tún kú."

Ó gbé pọ́ǹpù náà sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Epo tí ń jáde ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba.

"Bàbá, pọ́ǹpù yín ò ṣẹ̀ o. Ẹ lọ wo ibi tó ti ń gba oúnjẹ. Ẹ fọ táńkì, ẹ wo ihò ọmọrí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ asẹ́, kí ẹ tó yọ éà."

Owó ìdánwò nìkan ni ó gbà. Inú bàbá dùn, síbẹ̀ ó béèrè pé, "Kí wá ni mo sanwó fún, nígbà tí ẹ ò tún nǹkan kan ṣe?"

"Ẹ sanwó díẹ̀ kí ẹ má baà san púpọ̀ ni, Bàbá."

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá fóònù wa. Ìdọ̀tí ni ó dí ojú ọ̀nà epo ní ìsàlẹ̀ táńkì.

Àwọn kan yóò sọ pé mẹkáníìkì náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹni tí ó fi odidi ọjọ́ wá ìdí, tí ó rí ìdọ̀tí lásán, owó kékeré ni yóò gbà; ẹni tí ó pààrọ̀ pọ́ǹpù ni yóò jèrè. Wọn kò parọ́. Ìbéèrè bàbá yẹn fi hàn pé àwa tí a ń gbé iṣẹ́ lọ náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Irin tí a lè gbé lọ́wọ́ ni a fẹ́ sanwó fún. Ọgbọ́n tí kò jẹ́ kí a ra irin, ọ̀fẹ́ ni a fẹ́ ẹ. Bí ebi bá ń pa olóòótọ́ nítorí òtítọ́ rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọn kò fi pọ̀. Síbẹ̀, èyí kò dá ẹlẹ́tàn láre. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè yẹ ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì wò. Ìgbẹ́kẹ̀lé nìkan ni ó ní. Ẹni tí ó bá jẹ èrè lórí àìmọ̀ rẹ̀ ti jẹ ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́.

Òmíràn lè béèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù gan-an ni ó bàjẹ́ ńkọ́? Nígbà tí a bá ti yẹ àwọn tó kù wò, a ó dá a lẹ́bi pẹ̀lú ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìfura tí kò ní ẹ̀rí ń ba nǹkan jẹ́. Pọ́ǹpù ní àmì tí ó gbọ́dọ̀ bá àmì ara ẹ́ńjìnnì mu, kí epo lè wọlé ní àsìkò. Bí a bá tú u láìnídìí, tí a kò sì dá a padà sí ojú àmì, ohun tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ti di aláìsàn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, báyìí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó gba òdo nínú ìdánwò ṣe rí. Olódo ni a óò kọ́kọ́ pè é, ọpọlọ rẹ̀ ni a óò dá lẹ́bi. Ṣé ó jẹun kí ó tó wá? Ṣé ó ń rí ojú pátákó láti ẹ̀yìn kíláàsì? Ṣé etí rẹ̀ gbọ́? Ṣé kì í ṣe pé ó kiri ọjà ní Boundary, Ajégúnlẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú? Ìbéèrè wọ̀nyí kò náni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ olódo bá ti mọ́ ọmọ lára, kódà bí a bá ra awò ojú fún un lẹ́yìn náà, ó lè má gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé gbèsè méjì ni ẹni tí ó mọ̀ jẹ. Àkọ́kọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ibi tí yóò pa ẹnìkejì lára jù lọ díẹ̀, kì í ṣe láti ibi tí yóò ti jèrè jù. Èkejì, kí ó sọ ohun tí ó bá rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Àwa tí a kò mọ̀ náà jẹ gbèsè kan: kí a sanwó fún òtítọ́ pẹ̀lú inú dídùn, bí a ti ń sanwó fún irin.