Èémí Ẹnìkejì

Láti ọdún 1943 tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ ìmí wọn ní ilẹ̀ Faransé, òmùwẹ̀ ń mí fàlàlà nínú ibú. Àwọn kan a máa tú tiwọn nílé, wọn a pààrọ̀ rọ́bà tí ó gbó, wọn a tún un tò. Ó ha tọ́ bí? Wọn a ní ẹ̀mí ara àwọn ni àwọn fi ń wewu. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì ni ẹ̀rọ náà sábà ní. Èkejì wà fún ẹni tí afẹ́fẹ́ bá tán fún. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, tí ó fi òṣùwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó dákẹ́ jẹ̀bi, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.