Ẹni Tí Kò Lè Kọ̀, Ṣé Ó Gbà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, wọ́n ní ká sá fún ìṣekúṣe, ká lo kọ́ńdọ̀mù, kí HIV má bàa ràn wá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo bi yín o: ọmọbìnrin tó ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọkùnrin, ṣé ó láyà láti dárúkọ kọ́ńdọ̀mù fún un? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́.

Àwọn kan á ní ìwàkiwà ló fà á. Ẹ wo Zomba ní Màláwì. Láti 2008 dé 2009, wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin kan tó wà nílé ìwé, pẹ̀lú ará ilé wọn, lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Wọn ò fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn oṣù 18, ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbowó ló ní HIV. Láàárín àwọn tí kò gbà, ìdá 3 ni. Àwọn tó gbowó kì í sáàbà tẹ̀lé ọkùnrin tó dàgbà jù wọ́n lọ mọ́.

Ṣé ìwà wọn ló burú tẹ́lẹ̀ ni, àbí àpò wọn ló ṣófo? Lójú tèmi, ẹni tí kò lè kọ̀, ẹ má sọ pé ó gbà. N ò ní ká má wàásù o. Àmọ́ tí a bá fẹ́ dájọ́, ẹni tó mówó dání ni ká kọ́kọ́ pè.