Orin Ta Ni?

Ẹnìkan jókòó, ó ronú, ó dá orin kan. Ẹlòmíràn gbọ́ ọ, ó gbé e, ó tún un kọ ní ohùn tirẹ̀. Ta ló wá ni ín? Bí wọ́n bá ti mú iná lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, iyàn tá a máa ń jà nìyí. Àwọn kan á ní ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ló ni ín, ó parí. Àwọn kan á ní ẹni tó kọ ọ́ dáadáa jù ni. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Ẹ mú I Will Always Love You. Àìmọye èèyàn ló rò pé orin Whitney Houston ni, torí fíìmù The Bodyguard tó jáde ní 1992. Irọ́ ni o. Dolly Parton ló kọ ọ́, ó sì gbé e jáde ní 1974, nígbà tó ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Porter Wagoner. Orin ìdágbére ni. Elvis Presley pàápàá fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n máníjà rẹ̀ ní kí Dolly kọ́kọ́ fún àwọn ní ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà. Dolly ní rárá. Elvis o! Ta ni nínú wa tí ò ní fọwọ́ sí i kíákíá? Nígbà tí Whitney wá kọ ọ́, orúkọ Dolly wà níbẹ̀, owó sì ń wọlé fún un. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí ò bá fúnni lẹ́sẹ̀ á ṣoni, ṣùgbọ́n èyí bá Whitney mu rẹ́gí. Kí màmá Dolly má bínú, tiẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Èyí tó ń dùn mí ni ti Babátúndé Ọlátúnjí. Ọmọ Ajídò ni, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ní 1950 ló lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ kàwé ní Morehouse, ní Atlanta. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni, ìlù ló gbà á lọ́wọ́ ìwé. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ jáde, Drums of Passion: Akíwowo, Kíyàkíyà, Ṣàngó, Jin-Go-Lo-Ba, ìlù pẹ̀lú orin Yorùbá pọ́ńbélé. Ní 1969, Santana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gìtá oníná gbé Jin-Go-Lo-Ba, wọ́n pè é ní Jingo. Ẹni tó bá mọ tàkọ́kọ́, bó ṣe gbọ́ orúkọ yẹn báyìí, ó ti mọ ibi tó ti wá.

Àmọ́ kó tó di ìgbà yẹn, ní 1964, olórin ilẹ̀ Faransé kan, Serge Gainsbourg, ti gbé àwo kan jáde tó pè ní Gainsbourg Percussions. Mẹ́ta nínú orin ibẹ̀, ti Ọlátúnjí ni. Kíyàkíyà di Joanna, Jin-Go-Lo-Ba di Marabout, Akíwowo di New York U.S.A. Ọ̀rọ̀ Faransé ló kó sí i, ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i bí ẹni tó dá a. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yẹn ò ṣaláìní ẹ̀bùn o, ó mọ orin í kọ. Ó di 1986 kí orúkọ Ọlátúnjí tó wọ ibẹ̀. Ọdún méjìlélógún!

Ti Akíwowo yìí ló ká mi lára jù. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ rélùwéè ni orin náà ń pè. Nígbà tó dé ọwọ́ Gainsbourg, ilé gogoro New York ló ń kà, Empire State Building àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n já baba ọlọ́kọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹnìkan bi mí pé, ṣé Ọlátúnjí ló dá Akíwowo ni? Ìbéèrè gidi. Òun kọ́. Ẹnu àwọn èèyàn nílé ló ti gbọ́ ọ. Ṣé òun náà kì í ṣe olè nìyẹn? Èmi rò pé kì í ṣe olè. Ẹni tó wá fọn iná lọ́dọ̀ aládùúgbò, iná onílé ò torí ìyẹn kú. Kó má ṣáà dé ìta kó máa sọ pé òun lòun ṣá a. Ọlátúnjí fi orúkọ Akíwowo sílẹ̀ gbàgàdà lẹ́yìn páálí àwo. Òyìnbó tó rà á lè tọ orúkọ yẹn dé ilé wa. Gainsbourg gé ojú ọ̀nà yẹn. (Ìwé ìròyìn yìí náà, fọ́tòkọ́pì ni. Ẹ máa yí i kiri, kò sí ẹni tó ń bínú, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń gé orúkọ akéwì kúrò kí ẹ tó lẹ ewì mọ́ ògiri, a rí yín.)

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò ṣe é fi sebẹ̀. Bí Columbia bá sanwó fún Ọlátúnjí lórí Akíwowo, kí ló kan àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin? Lóòótọ́, Ọlátúnjí ná nínú tiẹ̀ padà: ó dá ibùdó àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ìlù àti ijó. John Coltrane fun fèrè rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 1967, oṣù mẹ́ta péré kó tó kú. Àmọ́ Harlem jìnnà sí Ìdó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó yẹ kí nǹkan kan kan ìdílé Akíwowo gan-an, torí orúkọ bàbá wọn ni gbogbo wa ń fi jó. Mi ò tíì rí èsì fún un.