Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Ìwé kan wà tó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gbé Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lápapọ̀ l'Ékòó kà kí ìbò ọdún 2027 tó dé. Alan Paton, òyìnbó ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló kọ ọ́; Cry, the Beloved Country ló pe orúkọ rẹ̀. Ọdún 1948 ni ìwé náà jáde. Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ National Party gba ìjọba lọ́hùn-ún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyàsọ́tọ̀ láàárín funfun àti dúdú di òfin ilẹ̀, èyí tí ayé mọ̀ sí apartheid. Ìtàn ọ̀fọ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, nígbà tí mo kà á tán, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló kù sí mi lọ́kàn, torí pé ìwé náà kó àwọn èèyàn kan jọ tí ìbànújẹ́ kan náà dé bá, ó sì jẹ́ kí a rí ohun tí oníkálukú fi ìbànújẹ́ tirẹ̀ ṣe.

Stephen Kumalo jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní abúlé Ndotsheni ní ilẹ̀ Natal. Ilẹ̀ abúlé náà ti ṣá, àgbàrá ti wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gba Johannesburg lọ, níbi tí iṣẹ́ kùsà góòlù wà. Absalom, ọmọ kan ṣoṣo tí Kumalo bí, lọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò sì wá mọ́. Àwọn àgbà wa ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ọmọ ẹni nù lọ. Baba yìí kó owó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń tọ́jú fún ẹ̀kọ́ ọmọ náà, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń wá a láti ilé dé ilé. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti wá rí i. Absalom àti àwọn méjì mìíràn ló wọ ilé òyìnbó kan láti jalè. Onílé yọ sí wọn lójijì, ẹ̀rù ba Absalom, ó yìnbọn, ó sì pa á. Ẹni tó pa náà, Arthur Jarvis, wà lára àwọn òyìnbó díẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. James Jarvis ni baba rẹ̀, àgbẹ̀ ńlá tí oko rẹ̀ wà lórí òkè, lókè abúlé Kumalo gan-an.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù nínú ìwé náà ni ẹnu ọ̀nà ilé kan ní ìlú Springs. Ará abúlé kan ti bẹ Kumalo pé kó bá òun wádìí ọmọbìnrin òun tó ti ṣiṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ níbẹ̀ rí. Kumalo kan ilẹ̀kùn. Ta ló ṣí i? James Jarvis, baba òkú. Jarvis kò mọ̀ ọ́n. Kumalo mọ̀ ọ́n. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé náà, ohun tí aláwọ̀ dúdú kì í dán wò níwájú òyìnbó nígbà yẹn. Jarvis dúró, ó ń wò ó, kò lé e. Ẹ rò ó wò. Kumalo lè béèrè ọmọbìnrin náà kó sì máa lọ. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òyìnbó náà bi í pé kí ló ń ṣe é, ó jẹ́wọ́ pé ọmọ tòun ló pa ọmọ rẹ̀. Jarvis rìn lọ sáàárín àwọn igi inú ọgbà, ó dá dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà wá, kò bínú sí i.

Òtítọ́ tí a ń sọ nígbà tí ìtìjú rẹ̀ yóò bò wá mọ́lẹ̀, òun ni àwọn baba wa gbé ìwà ọmọlúàbí kà. Ẹ wá wo John, àbúrò Kumalo. Olóhùn iyọ̀ ni, olóṣèlú tí èrò máa ń wọ́ tẹ̀ lé nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Matthew, ọmọ tirẹ̀, wà lára àwọn mẹ́ta tó wọ ilé yẹn. John gba agbẹjọ́rò, ọmọ rẹ̀ sì sẹ́ kanlẹ̀ ní kóòtù pé òun kò sí níbẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n dá ẹnì kejì náà sílẹ̀. Absalom nìkan, tó jẹ́wọ́, ni wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Mo mọ̀ pé Yorùbá kan lè gbèjà John pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà dára fún ọjọ́ ayẹyẹ. Kò sí àgbà kan tó pa á pé ká fi bo ọ̀ràn ọmọ wa mọ́lẹ̀ títí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi kú sí i. Èmi kò rí ọmọlúàbí lára John rárá, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ dùn lẹ́nu rẹ̀ tó.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Lẹ́yìn ikú Arthur, ẹnu gbogbo òyìnbó Johannesburg kò kúrò lórí ọ̀daràn aláwọ̀ dúdú, bí ẹni pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ló fọwọ́ kan ìbọn náà. Jarvis ní ìdí tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ láti bá wọn kígbe. Dípò bẹ́ẹ̀, ó wọ yàrá ìwé ọmọ rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń ka ohun tí ọmọ náà kọ kó tó kú, nípa ìwà tí àwọn òyìnbó ń hù sí àwọn onílẹ̀. Ó kà á pẹ̀lú ìrora. Ọmọ tó rò pé òun mọ̀ ti di àjèjì sí i, ìgbà tó kú tán ni baba tó mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo ti rántí òwe wa pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún kò fọ́ ojú Jarvis.

N óò wá sọ ìdí tí mo fi ní kí àwọn ará Festac ka ìwé yìí. Ìlú wa kì í ṣe ìlú tó ṣàdéédé wà. Lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ọ, kí àwọn tó wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, lè rí ibi sùn. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni àjọ̀dún náà fi wáyé, àwọn aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta sì pé síbẹ̀. Miriam Makeba, tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí kò lè dé ìlú bàbá rẹ̀, kọrin níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Èkó tún gba àpérò àgbáyé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pè láti gbógun ti apartheid. Wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ń jà ní gúúsù, ní 1979 sì ni ìjọba gba ilé-iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nígbà tí àwọn àlejò FESTAC lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Bí Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó, Úròbò àti Ìjọ ṣe di ará Close kan náà nìyẹn, tí wọ́n jọ ń dá owó ọlọ́dẹ, tí wọ́n jọ ń bá àjọ iná mọ̀nàmọ́ná jà.

Ìlú tí wọ́n kọ́ lórúkọ ìṣọ̀kan aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wá wọ̀ ní 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìbò ààrẹ, APC ní 572,606. Láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ 18 oṣù kẹta tí wọ́n dìbò gómìnà, ẹnu yí padà. Fídíò kan gba ìlú kan, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún Ìyá Chukwudi pé bí kò bá ní dìbò fún APC, kó jókòó sílé. Ẹni tó sọ ọ́ ní àwàdà ni. Wọ́n ń ka orúkọ Chinedu, tí Gbadebo Rhodes-Vivour, ẹni tí ẹgbẹ́ Labour fà kalẹ̀ fún ipò gómìnà, ń jẹ́ mọ́ Gbadebo, bí ẹni ń ka ẹ̀sùn, torí pé Ìgbò ni ìyá tó bí i. Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, àwọn kan wà tí wọ́n lé padà ní ibùdó ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ojú Ìgbò, àwọn Yorùbá kan sì wà lára wọn. Nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tó wà l'Ékòó, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin nìkan ni Rhodes-Vivour ti borí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ ra gààrí ní ọjà Àgbójú lọ́wọ́ obìnrin Ìgbò kan tí mo ti ń bá nájà tipẹ́. Yorùbá Èkó rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Bó ti máa ń wọn gààrí fún mi ni pé á kún kóńgò, á gba ẹnu rẹ̀ kọjá, á tún wá fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ gba ojú kóńgò náà pẹrẹsẹ, ó dà á sínú ọ̀rá, ó dì í. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o." Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Ó wá gbójú sókè: "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà wà lára wọn?" Mo sọ fún un pé n kò sí níbẹ̀, pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára, kó má bínú. Ó gba owó, ó yíjú sí oníbàárà tó kàn. N kò dá a lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n lé kúrò lórí ìlà.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn Ìgbò kan ló kọ́kọ́ ń pariwo pé Èkó kì í ṣe ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé wọ́n sọ ọ́, ó sì dun Àwórì, torí ọ̀rọ̀ àrífín ni. Àlejò tó jẹ́ ọmọlúàbí mọ onílé, ó sì ń bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń dá ẹnu lóhùn. Obìnrin tó ń ta gààrí l'Ágbójú kò bú ẹnikẹ́ni. Ká wá gbé ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ lórí ẹ̀rọ ayélujára lé ọmọ rẹ̀ lórí níbi ìdìbò, ìka tí kò ṣẹ̀ la gé yẹn. Ẹjọ́ tí àwọn òyìnbó Johannesburg dá fún gbogbo aláwọ̀ dúdú ni, ẹjọ́ tí Nàìjíríà fi owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá jà.

Mo ní láti sọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú ìwé Paton. Jarvis ṣe dáadáa ní Ndotsheni: ó ń fi wàrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé tí ara wọn kò yá, ó rán olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, Napoleon Letsitsi, sí wọn, ó ṣètò bí wọ́n ṣe máa sé odò, ó tún ṣèlérí ilé ìjọsìn tuntun. Mo yìn ín. Síbẹ̀, òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ti fi nǹkan bí ìdá méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1936, kò ju ìdá mẹ́tàlá lọ. Wàrà kò dá ilẹ̀ padà. Letsitsi fúnra rẹ̀ rí i, ó sì sọ ọ́ fún Kumalo, àmọ́ ìwé náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rìn jìnnà tó. Ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ tutù sí ìyà. Ẹni tó mọ ẹ̀tọ́, tó ń ṣe é, tó sì ń bèèrè rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ má bínú" tí mo sọ lọ́jà kò tó. Ẹni tó bá gbé igi lé olùdìbò lórí, kóòtù ló yẹ kó lọ, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì kò jìnnà sí wa; ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà wà níbẹ̀ tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn, nígbà tí àwọn tó da ibùdó ìdìbò rú ń rìn fàlàlà láàárín ìlú.

Ìrètí wà nínú ìwé náà, kì í sì í ṣe ìrètí olówó pọ́ọ́kú. Wọn kò dárí ji Absalom. Baba rẹ̀ gun orí òkè lọ, ó ṣọ́ òru títí ilẹ̀ fi mọ́, ìdájí tí wọ́n máa so ọmọ náà kọ́. Ibi tí mo ti rí ìrètí ni ọmọ-ọmọ Jarvis, ọmọ Arthur tó kú, tó gun ẹṣin wá sí abúlé. Ó rí àlùfáà dúdú yìí, ó sì ṣí fìlà kí i. Kumalo kò rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ náà ní kí wọ́n fún òun ní wàrà, wọ́n ní kò sí. Ó béèrè ìdí, wọ́n sọ fún un pé àwọn ọmọdé ń kú nítorí àìsí wàrà. Ó wá di ẹni tó ń wá kọ́ èdè Súlú lọ́dọ̀ Kumalo. Ìkíni ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ọmọ nílé wa kó tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Paton kú ní 1988, kò rí ọdún 1994 tí gbogbo ọmọ Gúúsù Áfíríkà jọ tò sórí ìlà dìbò. Àwọn kan ní ilẹ̀ náà tún dìde sí àjèjì aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Air Peace, ọkọ̀ òfuurufú Allen Onyema, ọmọ Ìgbò, kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé láìgba kọ́bọ̀, kò sì béèrè ẹ̀yà kó tó gbé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin alága Close, ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé Festac, ẹ̀yin baálẹ̀ Àwórì Amúwo, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ìmáàmù: ìbò 2027 ń bọ̀. Ẹ má dúró kí fídíò mìíràn tó jáde kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, ní ìpàdé àdúgbò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí ìlà. Tó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ ìbò, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín tí ẹ̀rù ń bà, kí ẹ jọ rìn lọ sí ibùdó ìdìbò, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi tẹ̀ka, ẹgbẹ́ yòówù kó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún.