Títa Ohun Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Ẹni

Ẹni tó yá ohun olóhun, tó tà á, tó ń retí pé òun yóò ra òmíràn dá padà ní owó pọ́ọ́kú, ṣé ó ṣẹ̀? Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Ànábì Muhammad kọ̀ fún Hakim ọmọ Hizam láti ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àyè wà fún àgbẹ̀ láti gba owó irè oko ṣáájú ìkórè, bí owó bá ti pé, tí òṣùwọ̀n àti ọjọ́ sì dájú.

Ní Òmù-Àrán, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àgbàdo a máa wọ́n kí tuntun tó jáde. Ká ní àwọn oníṣòwò kan yá àgbàdo lápò-lápò ní àsìkò náà, wọ́n tà á, wọ́n ń wojú ìkórè. Bí ọ̀dá bá wá dá, tàbí tí olówó kan ti ra èyí tó wà nílẹ̀ tì sínú àká, gbogbo wọn á máa wá àgbàdo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á sọ ọ́ di ọ̀wọ́n fún ẹni tó tẹ̀lé e, nítorí àgbàdo ni gbèsè tí wọ́n jẹ, àgbàdo náà ni olóhun yóò gbà.

Bí ọjà ṣíà, ìyẹn ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́, ṣe ń há mọ́ àwọn tó yá ṣíà tà náà nìyẹn. Bí owó rẹ̀ bá ṣe ń gòkè, alágbàtà á máa bèèrè ìdógò sí i. Bí onígbèsè kò bá rí i san, alágbàtà á ra ṣíà náà lórúkọ rẹ̀, rírà yẹn á sì tún gbé owó sókè. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, Porsche, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Jámánì, kéde pé ọwọ́ òun ti tó nǹkan bí ìdá 74 nínú 100 ṣíà Volkswagen, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Lower Saxony ní Jámánì di nǹkan bí 20 mú. Èyí tó kù lọ́jà kò tó ṣíà tí àwọn tó yá a tà gbọ́dọ̀ dá padà. Láàárín ọjọ́ méjì, ṣíà kan kọjá 1,000 yúrò.

Ẹni tó yá ṣíà kò jalè, olóhun ló yọ̀ǹda. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìlérí náà tilẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tó wà lọ: ní oṣù Kínní ọdún 2021, ṣíà ilé-iṣẹ́ GameStop tí wọ́n yá tà ní Amẹ́ríkà ju iye tó wà fún títà lọ, nítorí èyí tí ẹnìkan yá tà, ẹni tó rà á lè tún fi yá ẹlòmíràn.

Ẹni tó há ọjà mọ́wọ́ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń gbé agbo ilé kan, ẹ̀sìn méjèèjì ló dá a lẹ́bi: hádíìsì pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ìwé Òwe 11:26 sì sọ pé àwọn ènìyàn yóò gégùn-ún fún ẹni tó kó ọkà pamọ́. Ní ti Porsche, ilé-ẹjọ́ kan ní Stuttgart ní Jámánì dá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà méjì tẹ́lẹ̀ láre ní ọdún 2016 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ṣi ọjà lọ́nà. Ẹjọ́ yẹn kan ohun tí wọ́n sọ fún ọjà. Ìbéèrè ẹ̀sìn kan ìdí tí ènìyàn fi há ọjà mọ́wọ́, èyí sì kọjá ohun tí adájọ́ gbọ́.